Ká Gbóhùn Ìyá, Ká Gbóhùn Ọmọ: Ìtàn Ìtọ́jú Aláboyún àti Iṣẹ́ Agbẹ̀bí ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Bí obìnrin bá bímọ nílẹ̀ Yorùbá, ohun tí a fi ń kí i ni "Ẹ kú ewu ọmọ." Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ gbọ́ ìkíni yìí dáadáa. Ayọ̀ kún ilé, síbẹ̀ ewu ni a kọ́kọ́ ń dárúkọ. Kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé, àdúrà tí tẹbí tará ń gbà fún aláboyún ni pé kí a gbóhùn ìyá, kí a sì gbóhùn ọmọ. Bí ìyá bá sì bá a lọ, a ó ní ó kú sórí ìkúnlẹ̀. Àwọn baba ńlá àti ìyá ńlá wa kò nílò ìwé ìṣirò kankan kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ikú ni obìnrin ń gbà lọ mú ọmọ wá sáyé. Wọ́n ti fi í sínú èdè tí a ń sọ lójoojúmọ́.

Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ tọ́ ipasẹ̀ iṣẹ́ agbẹ̀bí láti ayé àtijọ́ títí di òní, pàápàá ní ìpínlẹ̀ wa. Ohun tí mo rí nínú ìtàn náà ni èyí: láyé àtijọ́, ènìyàn kan ṣoṣo ló ń tọ́jú obìnrin láti ìgbà tí oyún bá ti hàn títí di ogójì ọjọ́ lẹ́yìn ìbímọ, ṣùgbọ́n àwọn ewu kan wà tí apá rẹ̀ kò ká. Nígbà tí ilé ìwòsàn dé, ó mú oògùn àti iṣẹ́ abẹ wá, ṣùgbọ́n ó gé ìtọ́jú náà sí wẹ́wẹ́. Ní ọdún 2009, àwọn kan gbìyànjú níbí láti so méjèèjì pọ̀. Ìtàn ìgbìyànjú náà yẹ kí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ yìí mọ̀.

Ìyá àgbà tí ó mọ ìkúnlẹ̀

Láyé àtijọ́, agbẹ̀bí kì í ṣe àlejò nínú ilé aláboyún. Ìyá àgbà àdúgbò ni, tí òun fúnra rẹ̀ ti bímọ, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀. Babaláwo àti oníṣègùn náà ní ipa tiwọn, pàápàá nínú dídè oyún kí ó má baà wálẹ̀. Gbàrà tí oyún bá ti hàn ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á sọ ohun tí obìnrin náà yóò máa jẹ àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn. Wọ́n á ní kí ó má rìn ní ọ̀sán gangan, kí ó má sì rìn lóru. Agbẹ̀bí á máa fọwọ́ bà á níkùn láti mọ ibi tí orí ọmọ wà. Bí oyún bá ti wọ oṣù tí a ń retí rẹ̀, wọ́n á fún un ní àwẹ̀bí, ìyẹn ọṣẹ tàbí àgbo tí yóò máa fi wẹ̀ kí ó lè bí wẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà "ìkúnlẹ̀" sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń bímọ nígbà náà. Obìnrin á kúnlẹ̀, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ á dì í mú láti ẹ̀yìn, agbẹ̀bí á wà níwájú rẹ̀. Kò dá wà. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti gbani nímọ̀ràn, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2018, pé kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin tó ń rọbí yan bí ó ṣe fẹ́ kúnlẹ̀ tàbí jókòó tàbí dùbúlẹ̀, kí ẹnì kan tí ó fẹ́ràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe látijọ́ nìyẹn.

Bí ọmọ bá bọ́ sílẹ̀, tí ibi ọmọ sì tẹ̀ lé e, wọ́n á gé ìwọ́, wọ́n á wẹ ọmọ, wọ́n á sì sin ibi ọmọ sí àyíká ilé. Ìtọ́jú kò tíì parí síbẹ̀. Mo bi ìyá àgbà mi, tí ó bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ agbẹ̀bí, pé kí ni wọ́n ń ṣe fún ìyá tuntun nígbà náà. Ó ní fún ogójì ọjọ́, òun kò pọnmi, òun kò sì dáná. Ìyá ọkọ òun ló ń gbé omi gbígbóná kaná fún òun láàárọ̀ àti lálẹ́, tí ó ń fi ọ̀já di ikùn òun, tí ó ń fi òrí àti àdín pa ọmọ lára, tí ó sì ń jókòó ti òun títí òun yóò fi jẹun tán. Ó ní bí òun bá ń sunkún láìnídìí, ìyá náà kì í bú òun. Á kàn gba ọmọ lọ́wọ́ òun kí òun lè sùn díẹ̀. Agbẹ̀bí pẹ̀lú ń yà wọlé lóòrèkóòrè láti wo ìwọ́ ọmọ.

Ṣùgbọ́n ìyá àgbà mi kò sọ ìtàn dídùn nìkan. Ó sọ nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó bímọ ní alẹ́ ọjọ́ ọjà. Ọmọ ké, gbogbo ilé yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá kò dá. Agbẹ̀bí ṣe gbogbo ohun tí ó mọ̀, ó fọwọ́ ra á níkùn, ó fún un ní àgbo, ó ké pe àwọn àgbà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, obìnrin náà ti dákẹ́. Ìyá àgbà mi ní, "Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́, ọmọ mi. Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ nìyẹn."

Gbólóhùn yìí ṣe pàtàkì sí ìtàn tí mò ń sọ. Ẹ̀jẹ̀ tí kò dá lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ ríru tí í di gìrì, àkóràn, àti ọmọ tí ó há: àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń pa àwọn ìyá wa jù lọ, kò sì sí èyí tí àgbo ń wò sàn nínú wọn. Abẹ tí wọ́n fi ń gé ìwọ́, bí kò bá mọ́, a máa fa àrùn tí í mú kí ara ìkókó gan. Ohun tí ó tún burú ni pé bí ìrọbí bá pẹ́ jù, ní àwọn ibì kan wọ́n á ní kí obìnrin jẹ́wọ́ ọkùnrin mìíràn tí ó bá lò. Ẹni tí ó yẹ kí a gbà là, ẹjọ́ ni wọ́n ń pè é. Bí a bá ń yin àtijọ́, ó yẹ kí a sọ eléyìí náà.

Orúkọ wa jẹ́ ìwé ìrántí àwọn agbẹ̀bí

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn agbẹ̀bí àtijọ́ kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, nítorí náà a kò lè mọ ìtàn iṣẹ́ wọn. Èrò tèmi yàtọ̀. Ẹ wo orúkọ àmútọ̀runwá. Ìgè ni ọmọ tí ó mú ẹsẹ̀ wáyé dípò orí. Òjó tàbí Àìná ni ọmọ tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn. Àjàyí ni ọmọ tí ó da ojú délẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Ọ̀kẹ́ ni ọmọ tí ó wà nínú àpò tí kò tíì ya. Ọmọ́pẹ́ ni èyí tí ó lò ju oṣù rẹ̀ lọ. Abíọ́nà ni èyí tí wọ́n bí sójú ọ̀nà.

Ta ló lè mọ̀ pé ìwọ́ kọ́ ọmọ lọ́rùn? Baba ọmọ wà ní ìta, ìyá ń jẹ ìrora. Agbẹ̀bí nìkan ló rí i. Nítorí náà, ẹnu agbẹ̀bí ni àwọn orúkọ wọ̀nyí ti jáde, wọ́n sì jẹ́ àkọsílẹ̀ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá pàdé. Gbogbo Ìgè tí ó dàgbà di baba jẹ́ ẹ̀rí pé agbẹ̀bí kan mọ bí a ṣe ń gba ọmọ tí ó mú ẹsẹ̀ wá. Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, orúkọ bíi Málọmọ́, Dúrójayé àti Kòsọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀rí iye ìkókó tí kò dúró. Ìwé ìrántí náà kò fi èyí tí ó dára pamọ́, kò sì fi èyí tí ó burú pamọ́.

Oǹdó, ìlú tí ìbímọ dá sílẹ̀

Ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ wa tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú iyàrá ìkúnlẹ̀ gan-an. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn ará Oǹdó sọ pé ayaba kan bí ìbejì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ní ìgbà tí bíbí ìbejì jẹ́ èèwọ̀. Ẹnu ya ọba, wọ́n sì ní láti inú igbe ìyàlẹ́nu tí ó ké ni orúkọ oyè Ọ̀sẹmàwé ti jáde. Dípò kí wọ́n pa ìyá àti àwọn ọmọ, wọ́n lé wọn jáde nílùú pẹ̀lú àwọn tí yóò sìn wọ́n. Wọ́n rìn títí wọ́n fi tẹ Oǹdó dó. Púpùpú, tí í ṣe obìnrin nínú ìbejì náà, ni wọ́n ní ó kọ́kọ́ jọba níbẹ̀.

Bí ènìyàn bá gba ìtàn yìí gbọ́ tàbí kò gbà á, ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀. Ìbejì tí wọ́n ń bẹ̀rù nígbà kan ni Yorùbá wá ń gbé gẹ̀gẹ̀ lẹ́yìnwá. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Nylander ṣe ní Igbó-Ọrà láàárín ọdún 1960 sí 1980 fi hàn pé ìbejì níbẹ̀ tó nǹkan bí 45 nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ, èyí tí ó wà lára iye tí ó ga jù lágbàáyé. Bí àwọn ènìyàn wa ṣe lè yí èrò wọn padà lórí ọ̀ràn ìbejì, bẹ́ẹ̀ náà ni a lè yí ìṣe wa padà lórí ohunkóhun tó ń pa ìyá àti ọmọ. Kò sí àṣà tí kò ṣeé tún ṣe.

Ilé ìwòsàn dé

Àwọn ajíhìnrere ni wọ́n kọ́kọ́ kó ilé ìwòsàn dé ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1895, àwọn ìjọ Àgùdà dá Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, òun sì ni wọ́n ń pè ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá Wesley Guild sílẹ̀ ní Iléṣà. Ní ọdún 1930, ìjọba amúnisìn ṣe òfin agbẹ̀bí, tí ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti máa dá àwọn agbẹ̀bí lẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì máa kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Láti ọjọ́ náà ni agbẹ̀bí ti di oríṣi méjì nílẹ̀ wa: èyí tí ó ní ìwé ẹ̀rí àti èyí tí kò ní.

Àwọn ọmọbìnrin wa kò jẹ́ kí wọ́n fi àwọn sẹ́yìn. Kofoworọlá Abẹ́ní Pratt, ọmọ Èkó, lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1946, ní ilé ẹ̀kọ́ tí Florence Nightingale dá sílẹ̀. Ó padà wálé, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí gbogbo nọ́ọ̀sì ní UCH, Ìbàdàn.

Ẹ má ṣe rò pé ilé ìwòsàn fi ìgbà gbogbo sàn ju ọwọ́ agbẹ̀bí lọ. Ní ìlú Vienna ní ilẹ̀ Austria, ní nǹkan bí ọdún 1847, wọ́ọ̀dù méjì ni wọ́n ti ń gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn wà ní ọ̀kan, àwọn agbẹ̀bí wà ní èkejì. Ikú àwọn ìyá ní wọ́ọ̀dù àwọn dókítà ju ìlọ́po méjì ti àwọn agbẹ̀bí lọ. Dókítà Ignaz Semmelweis wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì rí i pé láti ibi tí àwọn dókítà ti ń yẹ òkú wò ni wọ́n ti ń bọ̀ tààrà wá fọwọ́ kan àwọn aláboyún. Ó ní kí wọ́n máa fi omi oògùn fọ ọwọ́ wọn. Ikú náà sì lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò tètè gbà á gbọ́, nítorí ìgbéraga. Ẹ̀kọ́ tí ìmọ̀ ìṣègùn kọ́ níbẹ̀ ni pé ọwọ́ tí ó mọ́ ṣáájú oyè.

Nílé wa, nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọdún 1976, tí Gómìnà Michael Adékúnlé Ajásin sì gorí oyè ní 1979, ìwòsàn ọ̀fẹ́ wà lára ètò mẹ́rin tí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ fi ṣe ìpolongo. Ìjọba ológun dé ní ìparí ọdún 1983. Lẹ́yìn náà ni ọrọ̀ ajé dojú rú, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986 sì mú kí owó sísan gbilẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlíkóyè Ransome-Kútì, mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, sapá láti gbé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé lọ sí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2008 fi hàn pé nínú 100 ìbímọ, 35 péré ni wọ́n bí ní ilé ìwòsàn. Ìyá 545 ló ń kú nínú gbogbo 100,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè.

Kí ló dé tí àwọn obìnrin kò lọ? Owó jẹ́ ìdí kan. Ọ̀nà jíjìn jẹ́ èkejì. Ìdí kẹta ni èyí tí àwọn ìyá wa kì í sọ sókè: ní ilé ìwòsàn, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Nọ́ọ̀sì kan á wo ikùn, òmíràn á gbẹ̀bí, òmíràn á sọ pé kí wọ́n máa lọ sílé. Kò sí ẹni tí yóò bi wọ́n ní ọjọ́ kẹwàá pé, "Ìyá ọmọ, ṣé ara le?" Agbẹ̀bí àdúgbò á béèrè. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀, tàbí sí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ aládùúrà, bí wọ́n tilẹ̀ mọ ewu rẹ̀.

Àbíyè

Ní oṣù kejì ọdún 2009, Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, di gómìnà. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Àbíyè. Kì í ṣe Àkúrẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, níbi tí Ìgbárá-Òkè, Ìlárá-Mọ̀kín àti Ìjàrẹ́ wà. Wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò níbi kékeré.

Ètò náà dá lórí ìbéèrè kan: níbo gan-an ni àkókò ti ń ṣòfò tí ìyá fi ń kú? Ní ọdún 1994, àwọn olùwádìí méjì, Thaddeus àti Maine, ti kọ ọ́ pé ìdádúró mẹ́ta ló ń pa aláboyún. Èkíní wà nínú ilé, nígbà tí wọn kò tètè pinnu láti lọ. Èkejì wà lójú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta wà nínú ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, nígbà tí obìnrin ti dé tí kò rí ẹni dá a lóhùn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi ẹ̀kẹrin kún un: ìdádúró nígbà tí wọ́n bá ń gbé obìnrin láti ilé ìwòsàn kékeré lọ sí ńlá.

Ohun tí wọ́n ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan rèé. Fún ti inú ilé, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan lẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń bẹ aláboyún wò nílé wọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní aláboyún 25 tí ó gbọ́dọ̀ mọ̀ lórúkọ, tí ó gbọ́dọ̀ mọ ilé wọn àti oṣù wọn. Wọ́n fún àwọn aláboyún ní fóònù tí wọ́n lè fi pe òṣìṣẹ́ wọn láìsan owó. Fún ti ojú ọ̀nà, wọ́n ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó lè wọ ibi tí mọ́tò kò lè wọ̀, àti ọkọ̀ ìgbàlà. Fún ẹ̀kẹta, wọ́n tún àwọn ilé ìtọ́jú kéékèèké ṣe, wọ́n sì ní kí ìtọ́jú di ọ̀fẹ́. Fún ẹ̀kẹrin, wọ́n kọ́ Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ sí Òkè-Àró ní Àkúrẹ́, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2010, àti irú rẹ̀ mìíràn sí ìlú Oǹdó. Iṣẹ́ abẹ pàápàá di ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Èrò wọ́ lọ síbẹ̀ láti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí wa ká, títí ibùsùn fi ń wọ́n.

Ní ọdún 2010 bákan náà, ìpínlẹ̀ wa ṣe òfin tí ó sọ ọ́ di dandan pé bí aláboyún tàbí ìyá tuntun bá kú, kí wọ́n jábọ̀, kí ìgbìmọ̀ sì wádìí ohun tó fà á, láìṣe pé wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1952. Àwa tí à ń gbé ní Alágbàká mọ̀ pé àdúgbò ọ́fíìsì ni wá: ọ́fíìsì gómìnà àti sẹkitéríà wà nítòsí wa. Ní Alágbàká ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé, ṣùgbọ́n ní Ìjàrẹ́ àti ní etí omi Ìlàjẹ ni obìnrin ti ń rọbí. Òfin yìí ló mú kí ikú tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́nà jíjìn di ohun tí Alágbàká gbọ́dọ̀ gbọ́. Ṣáájú rẹ̀, wọ́n á kàn ní "àmúwá Ọlọ́run ni," wọ́n á sì sin ín.

Àwọn agbẹ̀bí ńkọ́?

Ìṣòro kan ṣẹ́ kù. Bí gbogbo obìnrin bá ń lọ sí ilé ìwòsàn, kí ni agbẹ̀bí àdúgbò yóò jẹ? Nítorí èyí, bí wọ́n bá sọ fún un pé kí ó má gbẹ̀bí mọ́, kò ní gbọ́. Ní ọdún 2014, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Agbẹ̀bíyè. Agbẹ̀bí tí ó bá mú aláboyún wá sí ilé ìwòsàn yóò gba owó díẹ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n tún kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ bíi ọṣẹ ṣíṣe, kí wọ́n lè ní ọ̀nà àtijẹ mìíràn.

Mo fara mọ́ ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí, nítorí pé kò bú agbẹ̀bí, kò sì fi ọlọ́pàá lé e. Àwọn àgbà ní a kì í gba àkàṣù lọ́wọ́ ọmọdé ká má fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní àríwísí kan. Agbẹ̀bí mọ nǹkan kan tí ilé ìwòsàn kò mọ̀: ó mọ bí a ṣe ń bá obìnrin jókòó. Bí a bá sọ ọ́ di aṣọṣẹ nìkan, ìmọ̀ yẹn yóò bá a lọ. Ó sàn kí ó mú aláboyún wá, kí ó wọlé tì í, kí ó máa dì í lọ́wọ́ mú, kí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, kí agbẹ̀bí sì bá a padà sílé fún ogójì ọjọ́.

Ogójì ọjọ́ àti ọjọ́ méjìlélógójì

Nígbà tí mò ń ka ìwé lórí àròkọ yìí, ohun kan yà mí lẹ́nu. Bí Àjọ Ìlera Àgbáyé bá ń ka ikú ìyá, ikú tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà oyún, nígbà ìkúnlẹ̀, tàbí láàárín ọjọ́ 42 lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyẹn. Ogójì ọjọ́ tí àwọn ìyá àgbà wa ń kà fi ọjọ́ méjì péré yàtọ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó kọ́ ìyá àgbà mi ní ìṣirò yìí ní yunifásítì. Ojú tí wọ́n fi ń wo àwọn ìyá láti ìran dé ìran ló kọ́ wọn pé ewu kò tíì kọjá ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Síbẹ̀, apá yìí ni a ń gbàgbé jù lónìí. Wọ́n á dá obìnrin sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìyá rẹ̀ ń ṣòwò ní ìlú mìíràn, ọkọ rẹ̀ ti padà síbi iṣẹ́. Òun nìkan ló wà nílé pẹ̀lú ìkókó. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ta ni yóò sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà níbẹ̀? Bí ìbànújẹ́ bá bò ó mọ́lẹ̀, ta ni yóò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè sùn? Ìlànà àgbáyé ní kí òṣìṣẹ́ ìlera rí ìyá àti ọmọ ní ó kéré tán ìgbà mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà. Ìgbà mélòó ni a ń rí wọn níbí?

Ohun tí ó kù láti ṣe

Ètò rere kì í dúró fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2018, lẹ́yìn tí ìjọba yí padà, owó sísan padà sí àwọn Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ, ariwo sì sọ. Lẹ́yìn náà, ìjọba Gómìnà Rótìmí Akérédolú gbé ètò adójútòfò ìlera kan kalẹ̀ fún aláboyún àti ọmọdé, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Abiyamọ. Àwọn tí ó ṣe Àbíyè ní ìdí tiwọn, àwọn tí ó sọ pé ọ̀fẹ́ kò lè pẹ́ náà ní tiwọn. Èmi kò bá òṣèlú kankan sọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí nínú ìtàn ni pé ìgbàkígbà tí a bá yí ètò padà, aláboyún tí ó wà ní oṣù kẹsàn-án kò lè dúró de ìpàdé.

Ọ̀ràn yìí kò tíì tán. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọdún 2023 ní nǹkan bí ìyá 75,000 ló kú ní Nàìjíríà, iye tí ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin irú ikú bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àgbáyé. Ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ wà. Ní ọdún 2023 kan náà, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní E-MOTIVE, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, fi hàn pé bí agbẹ̀bí bá tẹ́ ọ̀rá kan tí a sàmì ìwọ̀n sí lára sábẹ́ ìyá láti fi mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde, tí ó sì tètè lo gbogbo ìtọ́jú tó yẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ tó lè pa ìyá yóò dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Ọ̀rá ṣáà ni, kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá. Ọ̀rẹ́ ìyá àgbà mi ì bá má kú.

Ìmọ̀ràn mi mọ níwọ̀n. Èkíní, kí ìjọba dá àwọn òṣìṣẹ́ tí ń bẹ aláboyún wò nílé padà sí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18 tí a ní, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì máa tẹ̀ lé àwọn obìnrin tirẹ̀ títí di ọjọ́ ogójì. Èkejì, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ agbẹ̀bí, àti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn tó wà ní Oǹdó, lọ jókòó ti àwọn agbẹ̀bí àgbà tí ó kù, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n ya èyí tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó léwu. Ẹ̀kẹta kan àwa ọ̀dọ́. Bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa bá bímọ, ẹ jẹ́ kí a má kàn lọ jẹ ìrẹsì ìsọmọlórúkọ kí a sì padà sílé. Ẹ jẹ́ kí a pọnmi fún un, kí a fọ aṣọ ìkókó, kí a sì béèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí ní ọjọ́ kẹwàá, ní ogúnjọ́, àti ní ọgbọ̀njọ́.